Bí àgbàlagbà ṣe lè kọ́ àwòrán yíyà láti ìbẹ̀rẹ̀

Kí ẹ tó ra pẹ́ńsù tuntun tàbí ìwé olówó ńlá, ẹ gbé àpótí ìjókòó kan kalẹ̀ níwájú yín, irú èyí tí wọ́n ń jókòó lé nílé ìdáná, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ jìnnà sí i tó bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ mú báírò tó bá wà nílẹ̀ àti pépà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, kí ẹ sì ya àpótí náà bó ṣe wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bí ẹ bá ti parí, ẹ kọ déètì sí igun rẹ̀. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jù ú nù.

Ó yá, ẹ máa wo àwòrán yẹn, kí ẹ máa wo àpótí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú àwòrán gùn dọ́gba, ìsàlẹ̀ wọn sì wà lórí ìlà kan náà. Bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹ jókòó sí, ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn kúrú sí ti iwájú, ìsàlẹ̀ wọn sì ga jù ú lọ. Ẹ ó rí i pé ojú àpótí inú àwòrán fẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá dúró lé e lórí tó ń wò ó látòkè, bẹ́ẹ̀ pẹlẹbẹ tóóró kan ṣoṣo lẹ̀ ń rí látorí àga. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yín. Orí yín ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ àpótí dọ́gba, pé ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ìjókòó, òun ló sì yára pàṣẹ fún ọwọ́ kí ojú tó ráyè sọ ohun tó rí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, ọ̀nà tí a fi ń mú kí orí dákẹ́ díẹ̀ kí ojú lè sọ tirẹ̀ ni.

Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, Òkè Àró ní Àkúrẹ́ sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Àwọn oníbàárà máa ń gbé fóònù wá, wọ́n á ní, "Àǹtí, irú èyí ni mo fẹ́, àmọ́ kí ọrùn rẹ̀ má rí báyìí, kí apá rẹ̀ sì jọ ti èyí tó wà níbí." Mo mọ bí mo ṣe máa gé e, ṣùgbọ́n mi ò ní ohun tí mo lè fi hàn wọ́n kí n tó gé e. Ní báyìí, mo máa ń yà á lójú wọn. Wọ́n á ní kí n gbé ọrùn sókè díẹ̀, màá gbé e sókè, a ó fẹnu kò kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí oníkálukú bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn àgbà mélòó kan máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ká jọ yàwòrán: nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, wẹ́dà kan tó fẹ́ máa ya géètì fún oníbàárà kó tó fọwọ́ kan irin, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn ni pé àwọn ti dàgbà jù, pé ẹ̀bùn àtọ̀runwá ni. Ẹ̀bùn wà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1882, àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ló ń wò yà fúnra rẹ̀ láti kékeré, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń ṣe jẹun. Ó ti tó ẹni ọdún 38 kó tó wọkọ̀ lọ sí London ní 1920 láti lọ kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Nítòsí wa níbí, Akínọlá Láṣekàn ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tó ń ya àwòrán ìṣèlú sínú ìwé ìròyìn West African Pilot nígbà tí à ń jà fún òmìnira, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà láti òkè òkun wà lára ohun tó fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kó ṣeé kà, ọwọ́ rẹ̀ ti le tó fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ohun èlò ò pọ̀. Ẹ ra pẹ́ńsù mẹ́ta: HB, 2B àti 6B. Dúdú inú pẹ́ńsù kì í ṣe òjé bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Graphite, irú òkúta dúdú rírọ̀ kan, tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀ ni. Bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, á le, ìlà rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́, òun ni wọ́n ń kọ H sí lára. Bí graphite bá pọ̀, á rọ̀, á sì dúdú, òun ni B, bí nọ́ńbà iwájú B bá sì ṣe ń ga ni dúdú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ ó rí wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ní òpópónà Ọba Adésidà. Bí ẹ ò bá rí 6B níbẹ̀, ẹ lọ wò ó nítòsí géètì FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, torí àwọn ọmọ Architecture àti Industrial Design máa ń lò ó. Pépà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò ní dùn yín láti bà á jẹ́. Ìwé àwòrán olówó ńlá máa ń mú kí ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n. Bíléèdì ni kí ẹ fi gbẹ́ pẹ́ńsù, kí dúdú inú rẹ̀ yọ síta dáadáa, torí a máa lo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Kílínà ńkọ́? Ẹ rà á, àmọ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù àkọ́kọ́. Bí ìlà kan ò bá tọ́, ẹ fa èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè máa fi wọ́n wéra. Ẹni tó bá ń pa nǹkan rẹ́ ní gbogbo ìgbà, ibì kan náà ló máa ṣì í lọ́la.

Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan tàbí páálí líle tí ẹ máa tẹ́ pépà lé. Ẹ gbé e sórí itan, kí ẹ fi òkè rẹ̀ ti etí tábìlì kó lè kọjú sí yín. Bí pépà bá sùn gbalaja lórí tábìlì, òkè rẹ̀ á jìnnà sí ojú ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tí ẹ bá yà á sì máa gùn lọ sókè láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ má di pẹ́ńsù mú lọ́rùn bí ìgbà tí ẹ bá ń kọ̀wé. Ẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn lórí rẹ̀, kí ó jẹ́ pé apá látèjìká ló ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó ya ohunkóhun lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà gbọọrọ kún ojú ìwé kan, kí ẹ sì fi róbótó kún òmíràn, títí apá yóò fi dẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí àpótí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò ní ya àpótí rárá. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Afẹ́fẹ́ lásán ni, kò lórúkọ, orí yín ò sì ní ohunkóhun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé ó fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ? Igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ pọ̀, ibo ló ti gé e? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yọ láti inú rẹ̀, ṣé àárín ló ti yọ àbí ẹ̀gbẹ́? Ẹ ya àlàfo yẹn bí ẹni ń gé ègé aṣọ kan jáde. Ẹ bọ́ sí àlàfo tó wà lápá ọ̀tún, ẹ ya òun náà. Ẹ ya ti òsì. Ẹ ya èyí tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ilẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yà wọ́n tán, àpótí á ti jókòó sáàárín wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì ti kúrú fúnra rẹ̀. Wẹ́dà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló kọ́kọ́ mọ èyí ṣe láàárín wa, torí inú géètì, àlàfo pọ̀ ju irin lọ, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára láti máa wò ó.

Èyí tó tẹ̀lé e, ẹ wá kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ tó ní fọ́tò èèyàn lára, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ẹ yà á bẹ́ẹ̀, látòkè wá sísàlẹ̀, ẹ má sì yí i padà títí ẹ ó fi parí. Imú tó dorí kodò ò jọ imú mọ́. Ìlà kan tó tẹ̀ sọ́tùn-ún ni, àti dúdú kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí orí ò ti rí imú, kò ní sọ fún yín bí imú ṣe máa ń rí. Ìyá aláṣọ òkè ya fọ́tò baálé rẹ̀ lọ́nà yìí. Nígbà tó yí pépà padà, ó sọ pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Táyọ̀ rèé!" Ó ti ń bá wa bọ̀ ọjọ́ pẹ́, kò sì tíì ya ojú èèyàn kan tó jọra rí.

Ìwọ̀n ló kàn. Tépù wà lọ́rùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kò wúlò níbí, torí ínǹṣì kọ́ la ń wá. Bí apá kan ṣe tóbi sí èkejì la fẹ́ mọ̀. Ẹ na apá tó mú pẹ́ńsù tààrà, kí ìgbọ̀nwọ́ má tẹ̀ rárá, kí ẹ sì di ojú kan. Ẹ gbé orí pẹ́ńsù sí ìpẹ̀kun ìjókòó àpótí lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sún àtàǹpàkò títí yóò fi bá ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìbú ìjókòó nìyẹn. Láìsún àtàǹpàkò, ẹ yí pẹ́ńsù dúró lóòró, kí ẹ wo iye ìgbà tí ìbú náà wọ gíga àpótí láti ilẹ̀ dókè. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ mú lọ sórí pépà: bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ ni lórí pépà náà, yálà ẹ ya àpótí náà kéré tàbí ẹ yà á tóbi. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá tẹ̀ láàárín iṣẹ́, òṣùwọ̀n ti yàtọ̀, ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fún ìlà tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé pẹ́ńsù lé etí ohun náà nínú afẹ́fẹ́ kó fì bó ṣe fì, kí ẹ sì gbé e wá sórí pépà láìyí i.

Ẹ fi agolo mílíìkì tó ti ṣófo dánra wò lórí ohun tó ní ẹnu róbótó. Ẹ mú un dání nísàlẹ̀, kí ẹ máa gbé e bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ sí ojú. Ẹnu rẹ̀ á máa pẹlẹbẹ sí i títí yóò fi di ìlà kan ṣoṣo nígbà tó bá bá ojú yín dọ́gba. Bí ẹ bá tún gbé e sọ̀kalẹ̀, á máa là. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí agolo bá wà lórí tábìlì níwájú yín, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ ju ìdí rẹ̀ lọ: ẹnu ló sún mọ́ ibi tí ojú wà. Ìlà ìdí rẹ̀ máa ń tẹ̀ ju ti ẹnu lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í gbà á gbọ́, ó máa ń fi ìlà gbọọrọ parí ìdí agolo torí ó mọ̀ pé tábìlì tẹ́jú. Kí ẹ sì kíyè sí igun méjèèjì pẹlẹbẹ náà. Wọn kì í ṣe ṣóńṣó láé. Bó ti wù kí ó tóóró tó, ìlà náà ń yí ká níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti mọ agolo yà, ó ti mọ garawa, odó, ìkòkò àti ife yà.

Fún ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, ẹ wá èso kòkó kan. Kò ṣòro rí ní ìpínlẹ̀ wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọsàn tàbí ẹyin lọ nítorí kòtò gbọọrọ mẹ́wàá tó sábà máa ń wà lára rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó ẹnu. Àwọn kòtò yẹn ló ń júwe fún ojú bí ara rẹ̀ ṣe yí. Ẹ gbé e sórí pépà funfun ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ pa iná òkè, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà kan ṣoṣo sí apá òsì rẹ̀. Ìgbà tí iná bá lọ gan-an ló dára jù. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, etí fèrèsé láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ ni kí ẹ jókòó sí. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn ilẹ̀ wa wà lókè orí, kì í fi òjìji tó ṣeé yà sílẹ̀.

HB ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ọwọ́ fúyẹ́. Ẹ fa ìlà kan tó gba àárín èso náà kọjá láti ìdí dé ẹnu, kó fì bó ṣe fì. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ sí gígùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí lẹ tó lè fa ara rẹ̀. Bó bá kan àwọn kòtò, ẹ má pín wọn ní dọ́gbadọ́gba. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ máa rí, ìyókù ti yí sẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé, àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀; bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ etí, wọ́n ń tẹ̀ sí i, wọ́n sì ń fún mọ́ra wọn. Bí ẹ bá ṣe èyí nìkan láìtíì kun ohunkóhun, èso náà á ti yọ sókè lórí pépà.

Ẹ wá fún ojú yín pọ̀ títí ẹ ò fi ríran kedere mọ́. Gbogbo wínníwínní ara rẹ̀ á pòórá, á ku ọ̀nà mẹ́ta péré: ibi tó mọ́lẹ̀, ibi tó wà láàárín, ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ 2B kun gbogbo ibi tó ṣókùnkùn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú òjìji tó sùn sórí pépà, bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Ẹ má wá kòtò nínú rẹ̀ ní àkókò yìí. Ẹ kun ti àárín ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó mọ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, funfun pépà ti tó o. Ẹ mú 6B fún ibì kan ṣoṣo, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ èso níbi tó ti fara kan pépà. Níbẹ̀ ni kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó lè wọlé. Ìlà yẹn ló ń mú kí èso jókòó. Bí kò bá sí, á dà bí ẹni pé ó ń fò.

Ẹ la ojú padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ apá tó ṣókùnkùn. Ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ gan-an tún mọ́ díẹ̀, torí pépà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ kó fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí ìyókù, àmọ́ kó má mọ́lẹ̀ tó apá tí àtùpà kọjú sí láé. Lẹ́yìn náà ni kòtò. Kòtò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì: èyí tó sún mọ́ àtùpà ló máa dúdú, torí ó kẹ̀yìn sí i, èyí tó jìnnà ni iná ń bà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i po. Etí òjìji tó sùn sílẹ̀ náà, ó mú létí èso, ó sì ń rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Ẹ má fi ìka pa á kó lè rọ̀. Òróró ara á mú kí pépà náà rí ìdọ̀tí. Ẹ dín agbára ọwọ́ kù lórí pẹ́ńsù nìkan.

Nọ́ọ̀sì wa ya èso kòkó kan ṣoṣo láti ìgbà tó ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú títí ó fi gbẹ tó dúdú tó sì hunjọ. Ó to àwọn àwòrán náà sára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ti ilé àti títì, màá sọ ọ́ ní ṣókí. Ọnàbólú padà wálé ní 1922, nígbà tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó, ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí débi pé wọ́n ń pè é ní Mr Perspective. Perspective ni ọ̀nà tí à ń gbà ya ohun tó jìnnà kó lè hàn lórí pépà pé ó jìnnà. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà Ọba Adésidà láàárọ̀ kùtù Sọ́ńdè, kí mọ́tò tó pọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Etí òrùlé tó ga jù yín lọ ń sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, etí títì tó wà nísàlẹ̀ ń gòkè, gbogbo wọn sì ń lọ pàdé níbì kan tó bá ojú yín dọ́gba. Bí ẹ bá jókòó, ibẹ̀ á bá yín sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá wà ní ìdúró, orí gbogbo ẹni tó dúró tó sì ga tó yín á wà lórí ìlà kan náà, ì báà jẹ́ ẹni tó wà nítòsí tàbí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ wọn ló máa yàtọ̀. Ní ti ohun tó jìnnà réré, ẹ lọ sí Ìdànrè lásìkò ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ máa ń mú kí àpáta tó jìnnà fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ parẹ́, èyí tó tẹ̀lé e dúdú díẹ̀, èyí tó wà lórí yín gan-an dúdú jù lọ. HB fún ti ọ̀hún, 2B fún ti àárín, 6B fún tòsí.

Ojú èèyàn ni gbogbo wọn máa ń fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èmi sì máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù títí dìgbà yìí. Ẹyinjú wà ní àárín gbùngbùn orí, láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ẹ fi òṣùwọ̀n pẹ́ńsù wò ó lára ẹni tó wà nítòsí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbé e sókè jù, torí iwájú orí àti irun ò ní ohun tí ojú fẹ́ wò níbẹ̀, a sì máa ń gé e kúrú láìmọ̀. Lọ́dọ̀ wa, gèlè tún ń dá kún un. Orí wà lábẹ́ gèlè! Ẹ kọ́kọ́ ya orí tó pé, kí ẹ tó wé gèlè lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gèlè á jókòó sórí ìpéǹpéjú. Ìbú orí níwájú gba nǹkan bí ẹyinjú márùn-ún, pẹ̀lú ààyè ẹyinjú kan láàárín méjèèjì. Etí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele irun òkè ojú, á parí sí ìsàlẹ̀ imú. Ti ọmọdé yàtọ̀: ẹyinjú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àárín orí. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni gbogbo èyí, ẹni tó jókòó níwájú yín ló mọ bí tirẹ̀ ṣe rí.

Ara dúdú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má kun gbogbo ojú ní dúdú nítorí pé ẹni náà dúdú. Ibi tó ń dán, iwájú orí, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́, igi imú, ètè ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìrísí rẹ̀ wà. Ẹ wá wọn jáde kí ẹ tó gbé pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà fẹ́lẹ́ yí wọn ká, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun dé òpin.

Bó bá jẹ́ odindi èèyàn, gíga àgbàlagbà tó dúró máa ń gba nǹkan bí orí méje àti ààbọ̀. Àwọn tó ń ya sítáì máa ń fà á dé orí mẹ́sàn-án kí aṣọ lè wuni. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà mi. Orí méje àti ààbọ̀ ni mo máa ń lò, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa wọ aṣọ náà, mo sì fẹ́ kó rí ibi tí ìgbáròkó máa bọ́ sí.

Ẹ má fi fóònù kọ́ ojú èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà nítòsí máa ń mú kí imú tóbi, á sì mú kí etí sá sẹ́yìn, ẹ ó sì ya àṣìṣe náà láìmọ̀. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba. Ẹni tó jókòó ti ọjà rẹ̀ máa ń yí padà, àmọ́ láìpẹ́ á tún padà sí bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìlà ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, láti ọrùn dé ìdí, kí ẹ tó fi orí àti apá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ tọrọ ààyè ná. "Ẹ kú ọjà o, mà. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya àtẹ ata yín?" Ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Èmi ńkọ́? Ṣé ata lẹ́wà jù mí lọ ni?" Bí mo ṣe ya ìyá àti ata nìyẹn.

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju odindi ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀ lọ. Ẹ wá àkókò tí kì í yẹ̀. Èmi, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Àkókò kan máa dé, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí gbogbo ohun tí ẹ bá yà á máa bí yín nínú. Ojú ló ti ṣáájú ọwọ́: ó ti ń rí àṣìṣe tí kò rí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ò sì tíì lè tún un ṣe. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń jáwọ́, ó sì máa ń dùn mí, torí ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wọlé gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ yan nǹkan kéékèèké, kí ẹ máa kọ déètì sí gbogbo rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ẹ má fi iṣẹ́ yín han ará ilé tó máa béèrè pé, "Ta lèyí?"

Nígbà tí ọwọ́ bá ti ń gbọ́ràn, ẹ wá ọjọ́ kan lọ sí mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀. Ìlú tí Ekpo Eyo, onímọ̀ tó ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, ti wú àwọn ère amọ̀ sísun jáde ní Igbó Láàjà lọ́dún 1971 ni, ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ sì ti mọ́ ọnà tipẹ́tipẹ́. Ère ò ní mira, kò ní béèrè bóyá ẹ ti parí. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dúró sí wò ó. Pẹ́ńsù nìkan ni kí ẹ mú wọlé, ẹ má mú èédú tàbí ọ̀dà, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ibi tí ẹ lè gbé àga sí.